FỌ́NRÁN: ÌTUMỌ̀ ÀTI ÌLÒ RẸ̀

Ó ti di àṣà láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ pé bí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bá délẹ̀, ọ̀rọ̀ àyálò ni a máa ń sáré wá. Nínú àpilẹ̀kọ kékeré yìí, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'fọ́nrán', hàn pé nígbà mìíràn, ilé ni ohun tí à ń wá lọ sóko wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan náà ni fọ́nrán àti òwú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òwú ni ohun tí a ká lóko, tí a gbọ̀n, tí a sì ran. Ìrísí ni fọ́nrán ń tọ́ka sí: ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn, tó sì jẹ́ ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé fọ́nrán òwú, fọ́nrán irun àti fọ́nrán okùn. Ẹ jẹ́ kí a wo ìlò rẹ̀.

(1) Aṣọ híhun: Fọ́nrán tí a fi ń hun ojúlówó sányán kì í ṣe ti òwú oko. Ara ilé tí kòkòrò kan kọ́ sórí igi ni a ti ń rí i.

(2) Irun: Bí a bá ń di irun, irun nìkan tó. Bí a bá ń kó o, a ó fi fọ́nrán òwú wé e.

(3) Ẹ̀dá oníyè: Olú tí à ń rí lórí ilẹ̀ kọ́ ni gbogbo ara rẹ̀. Àwọn fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó tàn káàkiri lábẹ́ ilẹ̀ ló ń wá oúnjẹ fún un.

(4) Iná mànàmáná: Ní 1879, òwú ìránṣọ tí Thomas Edison sun di èédú ló fi ṣe fọ́nrán inú gílóòbù rẹ̀. Nígbà tó yá, a bọ́ sórí tungsten, irin tí kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 3,400 ní ìwọ̀n Celsius. Òwú lọ, irin dé, síbẹ̀ fọ́nrán náà ni.

(5) Ohùn àti àwòrán: Kásẹ́ẹ̀tì kékeré jáde ní 1963, a sì pe tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀ ní fọ́nrán. Lónìí, a ń sọ pé 'fọ́nrán fídíò' fún ohun tó wà nínú fóònù, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Ìtumọ̀ ti fẹ̀ ju ìrísí lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ní ààlà. Kí a má ṣe pe tán-án-ná ní fọ́nrán ohùn, nítorí ìṣẹ́po ẹran ni, kò dà bí okùn. Àmọ́ bí a bá pe èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba inú rẹ̀ kọjá ní 'fọ́nrán gíláàsì', ta ni kò ní yé?

Àwọn àgbà ní òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Àwọn ìyá wa ti gbọ̀n tiwọn. Rírán rẹ̀ dọwọ́ wa.