Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Ẹ Dín Ẹrù Kọ̀ǹpútà Kù Kí Ẹ Tó Yáwó Ra Tuntun

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí bí a ṣe lè fi kọ̀ǹpútà ilé gbọ́ rédíò àwọn tí wọ́n ń pè ní háàmù. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ rédíò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n, tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú nítorí ìmọ̀, kì í ṣe nítorí owó. Ní Nàìjíríà, 5N ni àmì ìpè wọn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá kan ẹgbẹ́ wa nínú èyí? Owó ni. Bí ohùn bá ti ń já, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò ni pé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wọn ti gbó, kí wọ́n lọ yáwó ra tuntun. Owó tí a yá kì í ṣe owó ọ̀fẹ́ o, èlé ń bẹ lórí rẹ̀. Kí a tó wá oògùn, ó yẹ kí a mọ àìsàn.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE RÍ

Láyé àtijọ́, inú rédíò fúnra rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ti ń parí. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ, RTL-SDR ni wọ́n ń pè é, tí a ń kì bọ ẹnu USB kọ̀ǹpútà. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún. Ní 2012 ló hàn sí gbogbo ayé pé ó lè gbọ́ oríṣìíríṣìí rédíò, láti nǹkan bíi 24 mẹ́gáháàsì dé 1,700. Ẹ̀rọ yìí kàn ń ru ẹrù wọlé ni. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣà á, òun ló ń yọ ohùn jáde.

Ẹ wo bí ẹrù náà ti pọ̀ tó. Bí a bá ṣí i dé 2.4 mílíọ̀nù ìwọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 4.8 mẹ́gábáìtì ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gbà á sílẹ̀ fún wákàtí kan, ó lé ní 17 gígábáìtì. Bí a bá dín in kù sí 250,000, kò ju 1.8 gígábáìtì lọ ní wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohùn háàmù kan ṣoṣo kò gba ààyè púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ẹja kan ní Iwopin, kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣe?

ÀÌSÀN MÉJÌ NI

Bí ohùn bá ń já wẹ́wẹ́ bí ẹni tó ń kólòlò, ẹrù ló pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà. Bí ohùn kò bá já, àmọ́ tí ariwo bò ó mọ́lẹ̀, ariwo iná mànàmáná ló sábà máa ń jẹ́. Kọ̀ǹpútà olówó iyebíye kò lè wo ìyẹn sàn.

Ìtọ́jú èkíní:

1. Ẹ dín ìwọ̀n náà kù sí 250,000. Bí ohùn bá mọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹ ti mọ àìsàn nìyẹn.

2. Sọ́fúwéà rédíò máa ń ya àwòrán kan tó ń ṣàn bí omi. Ẹ dín ìyára rẹ̀ kù. Yíyà á ń jẹ agbára púpọ̀.

3. Ẹ ti íntánẹ́ẹ̀tì àti iṣẹ́ mìíràn pa. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa wá kòkòrò inú rẹ̀ lásìkò tí ẹ ń gbọ́ rédíò.

4. Lórí Windows, ẹ yan «High performance», kí ẹ sì pa «USB selective suspend», kí ẹnu USB má baà máa sùn.

5. Ẹ ki ẹ̀rọ náà bọ ara kọ̀ǹpútà gan-an. Ẹ má kì í bọ ẹnu tí òun àti ìtẹ̀wé jọ ń pín.

Bí RAM kò bá tó 4 gígábáìtì, ẹ kọ́kọ́ fi kún un. Owó RAM kò tó owó odindi kọ̀ǹpútà.

Ìtọ́jú kejì:

Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ jẹ́ kí bátìrì gbé e. Bí ariwo bá lọ, ṣájà ni olè náà. Bí kò bá lọ, ẹ máa pa íńfátà, gílóòbù LED àti jẹnẹrétọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi mọ èyí tó ń dáràn. Ẹ fi wáyà USB tó gùn díẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà jìnnà sí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì gbé éríà síta. Fún 144 sí 146 mẹ́gáháàsì tí àwọn háàmù ń lò, irin tó dúró ṣánṣán, tó gùn tó nǹkan bíi 50 sẹ̀ǹtímítà, ti tó. Kí ààrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ẹ ti yọ éríà náà. Ẹ̀mí ju rédíò lọ.

ÒFIN

RTL-SDR kò lè sọ̀rọ̀, gbígbọ́ nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ àwọn háàmù Nàìjíríà ni Nigeria Amateur Radio Society, ẹ lè wádìí lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó nítorí rédíò, kí ó fi ọ̀sẹ̀ kan dán gbogbo èyí wò, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bí ohùn bá ṣì ń já ní 250,000 lẹ́yìn gbogbo ìtọ́jú èkíní, a jẹ́ pé ó tọ́ láti wá kọ̀ǹpútà mìíràn. Nígbà náà, ẹni tó wá yáwó mọ ohun tó ń yá a fún. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di oṣù tó ń bọ̀ o.