Ta Ló Ṣe Ipò Kejì?

Ìbéèrè: Ọmọ mi kópa nínú ìdíje chess tí ọmọ 64 ta fún ráúńdì 6. Ráúńdì kìíní nìkan ló ti fìdí rẹmi, ó na márùn-ún yòókù. Síbẹ̀, ipò keje ni wọ́n tò ó sí, ọmọ mìíràn tí òun náà ní póíǹtì 5 ló gba ẹ̀bùn ipò kejì. Ṣé wọn ò rẹ́ ọmọ mi jẹ báyìí? — Ìyá ọlọ́mọ, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá wa, wọn ò rẹ́ ẹ jẹ, òfin ni wọ́n tẹ̀ lé. Òfin ọ̀hún gan-an ni èmi ń bá ṣẹjọ́.

Ètò Swiss ni wọ́n lò, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò ní Zurich lọ́dún 1895. Bí ọmọ 64 bá fẹ́ bá ara wọn ta tán, ayò 2,016 ni. Ètò yìí fi 192 parí rẹ̀, kò sì lé ẹnikẹ́ni sílé: ẹni tó ń borí á máa kojú ẹni tó ń borí, ẹni tí wọ́n nà á kojú ẹni tí wọ́n nà.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó, ká gbà pé kò sí ọ̀mì rárá. Lẹ́yìn ráúńdì kìíní, ó ku ọmọ 32 tí ẹnikẹ́ni ò tíì nà. Lẹ́yìn náà 16, 8, 4, 2, títí tó fi ku ẹyọ kan. Ipò kìíní ti yanjú nìyẹn. Mélòó ló wá máa ní póíǹtì 5? Mẹ́fà! Gbogbo wọn ló fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan péré, ètò náà ò sì lágbára láti sọ ẹni tó ṣìkejì nínú wọn.

Ibẹ̀ ni ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Buchholz ti wọlé. Wọ́n á ro póíǹtì gbogbo àwọn tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ta pọ̀. Ọmọ yín ti pàdánù láti ìbẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sáàárín àwọn tí wọ́n ti nà, póíǹtì àwọn yẹn ò sì lè pọ̀. Ẹni tó jẹ́ ráúńdì kẹfà ló ti ṣubú, àwọn tó ń borí ló ń bá ta bọ̀ látòkèdélẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ọmọ yín kọ́ ló yan ẹni tó kọ́kọ́ kojú.

Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ náà ò bọ́ nínú rẹ̀, pàápàá nítorí ọ̀mì. Ní ìdíje Grand Swiss ti 2019, ènìyàn 154 ta ráúńdì 11. Ká ní kò sí ọ̀mì ni, ráúńdì 8 ti tó. Síbẹ̀, Wang Hao ti Ṣáínà àti Fabiano Caruana ti Amẹ́ríkà jọ parí pẹ̀lú póíǹtì 8, ìṣirò ló gbé Wang Hao sókè.

Ti Warsaw lọ́dún 2021 ló dùn mí jù. Nínú ìdíje àgbáyé fún ayò kíákíá, ẹni mẹ́rin ní póíǹtì 9.5 lẹ́yìn ráúńdì 13. Òfin ní kí méjì péré tí ìṣirò wọn ga jù ta ayò ìpinnu. Nodirbek Abdusattorov, ọmọ ọdún 17 láti Uzbekistan, na Ian Nepomniachtchi, ó sì gba adé. Àwọn méjì yòókù, Magnus Carlsen àti Caruana, kàn ń wò wọ́n ni. Carlsen bínú sí òfin náà ní gbangba, mo sì gbè é lẹ́yìn.

Nítorí náà, kí ìdíje tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá àwọn olùdarí sọ ọ́. Ráúńdì 8 tàbí 9 á jẹ́ kí àwọn tó wà lókè túbọ̀ bá ara wọn ta. Bí póíǹtì bá tún dọ́gba, kí gbogbo wọn ta ayò ìpinnu, tàbí kí wọ́n pín owó ẹ̀bùn náà dọ́gbadọ́gba.