Bá a sáré, sáré bá a: èdè àwọn tó jọ ń sáré

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ẹ jẹ́ ká yẹ gbólóhùn méjì yìí wò:

(1) Mo bá a sáré.
(2) Mo sáré bá a.

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìkíní náà ló wà nínú ìkejì, kò lé, kò dín. Nínú (1), èmi àti ẹnì kan la jọ ń sáré. Nínú (2), onítọ̀hún wà níbì kan, èmi ni mo sáré títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tí "bá" dúró sí ló fa ìyàtọ̀. Ní 200 level, nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, mo ka irú àpẹẹrẹ báyìí nítorí ìdánwò, mo sì yege. Ojú títì ni mo ti wá rí i pé ohun tó wà nínú "bá" yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ ká.

Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ kì í ṣe ti àwọn tó ń fi eré sísá jẹun. Olùkọ́ wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi wà níbẹ̀. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì là ń pè é. Brọ̀dá Télọ̀ wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń fẹsẹ̀ wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ òun ló yára jù nínú wa. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé la máa ń pàdé ní Bódìjà, a ó sáré dé Sẹkitéríàtì, a ó sì padà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, òkè Màpó là ń gùn. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé òkè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń bá wọn sáré, ìwé kékeré kan sì wà nínú àpò mi tí mo máa ń kọ ohun tí mo bá gbọ́ sí tí a bá ti dúró. Ẹ mọ irú wa, a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ká má kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú "sáré" fúnra rẹ̀. "Sá" àti "eré" ni. Ẹ̀rí rẹ̀ hàn tí a bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, "eré sísá" ni yóò jáde. Tí "sá" bá dá dúró, ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ni: olè sá, ọmọ sá nílé, wọ́n ń sá fún un. "Eré" ló yí i padà. Ẹni tó sá ń fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó sáré lè jẹ́ pé ńṣe ló ń lọ síbi nǹkan. Àwọn tó ń wò wá lójú ọ̀nà kì í sábà ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì bi wá ní ọjọ́ kan pé, "Kí ló ń lé yín?" Kì í ṣe pé ó ń bú wa. Òwe ló wà lẹ́yìn ìbéèrè rẹ̀: a kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí a kò bá lé ejò, ejò ló ń lé wa. Ọ̀nà méjì péré ni òwe yẹn là sílẹ̀, kí èèyàn máa lé nǹkan, tàbí kí nǹkan máa lé e. Kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó kàn ń bá ẹlòmíràn sáré.

Ibẹ̀ ni wàhálà "bá" wà. Nínú "mo bá a ṣiṣẹ́", olùrànlọ́wọ́ ni mí. Nínú "mo bá a jà", ọ̀tá ni wá. "Mo bá a sáré" lè lọ sí ìhà méjèèjì: a lè jẹ́ alábàárìn, a sì lè jẹ́ abánidíje. Ohun tí ẹni tó sọ ọ́ ní lọ́kàn kì í hàn lára gbólóhùn náà. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àwọn mẹ́rin kan nínú wa ra aago tó ń ka ìṣẹ́jú àti kìlómítà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àkókò wọn sórí WhatsApp ní gbogbo Sátidé, wọn á sì bèèrè pé, "Ta ló bá wa sáré lónìí?" Gbogbo wa la wà lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ náà o! Àmọ́ "bá" tiwọn ti di ti abánidíje. Ìyá Nọ́ọ̀sì kò wá ní Sátidé mẹ́ta léraléra. Nígbà tí a pè é, ohun tó sọ ni pé òun kò fẹ́ máa dá wa dúró. Ẹnì kan wá dábàá pé ká pín ẹgbẹ́ sí méjì, kí àwọn tó yára dá tiwọn ṣe. Ọ̀rọ̀ náà gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Brọ̀dá Télọ̀, tí kò ní aago kankan, ló pa iná rẹ̀. Ó ní kí ẹnì kan máa kẹ́yìn tinútinú ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì wà lẹ́yìn onítọ̀hún. Òun ló kọ́kọ́ ṣe é, òun tó yára jù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti fi í jẹ oyè: Baálẹ̀ Ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ni oyè yìí ti ń yí láàárín wa, tọkùnrin tobìnrin, ẹni tó bá kàn ló máa ń dé fìlà aláwọ̀ ọsàn. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun tí oyè yìí ṣe. Ẹni tó kẹ́yìn ti di olórí àdúgbò kan, ẹni tó bá sì ń rìn níwájú Baálẹ̀, a kò lè pè é ní ẹni ìkẹyìn mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé irú ètò yìí ti wà lókè òkun. Ní Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, Paul Sinton-Hewitt kó àwọn asáré 13 jọ fún eré kìlómítà 5, èyí tó di parkrun lónìí. Wọ́n máa ń yan olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kan tí yóò rìn kẹ́yìn gbogbo èèyàn. Àmọ́ wọn kò fi í jẹ Baálẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Nọ́ọ̀sì padà. "Ẹ kú àtijọ́ o!" ni gbogbo ẹnu fi kí i, kò sì sí ẹni tó bèèrè ibi tó lọ.

Àwọn tó ń fi aago sáré náà kò burú tó bí mo ṣe lè mú kí ẹ rò. Ìdíje dùn, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Eliud Kipchoge ní Vienna, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Ó sá kìlómítà 42.195 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Àwọn asáré 41 ló ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn láti máa bá a sáré, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ kọjá rẹ̀. Ara ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n kà á kún àkókò tó dára jù lágbàáyé nìyẹn. "Bá" olùrànlọ́wọ́ ló gbé e dé ibẹ̀, àwọn tó ń kọ àkókò sílẹ̀ sì ń wá "bá" abánidíje. Ìwádìí kan tún wà tí àwọn onímọ̀ ní Oxford tẹ̀ jáde ní ọdún 2010, lórí àwọn atukọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe, ní àdáṣe àti ní àjọṣe. Nígbà tí wọ́n ṣe é pọ̀, ara wọn gba ìrora mọ́ra ju ìgbà tí kálukú dá ṣe tirẹ̀ lọ.

Ní ti ìkíni, Malinowski ló sọ ọ́ ní ọdún 1923 pé ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í gbé ìròyìn kankan, tó jẹ́ pé okùn tó so èèyàn pọ̀ lásán ni. Ó yẹ kó gbé lọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ kan. "Kú" wa kì í rẹ̀: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìjókòó. Nínú ẹgbẹ́ wa, mo ti gbọ́ "ẹ kú eré", "ẹ kú òkè", "ẹ kú orúnkún" (fún ẹni tí tirẹ̀ ń dùn ún), àti "ẹ kú aago" tí wọ́n fi ń yẹ̀yẹ́ àwọn mẹ́rin ọ̀hún. Òpó kan náà ni wọ́n rọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ èyíkéyìí tó bá ń ni ẹni tí à ń kí lára la lè fi sí ẹ̀yìn "kú".

Èyí tó wù mí jù ni "Ó kù díẹ̀." Irọ́ ni! Ìlàjì òkè ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́, nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ òkè gan-an ni. Ẹ rántí Grice àti òfin rẹ̀ pé kí èèyàn má sọ ohun tó mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Gbogbo wa là ń tẹ òfin yẹn mọ́lẹ̀ ní gbogbo oṣù, kò sì sí ẹni tó ń bínú, nítorí pé kò sí ẹni tó gbọ́ ọ bí ìròyìn nípa ọ̀nà. Ohun tí à ń gbọ́ ni "mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ." Ẹni tí a sọ ọ́ fún kì í sì í dáhùn pé "irọ́ lò ń pa." "Ó rẹ̀ mí" ni yóò sọ. Nínú gírámà wa, àárẹ̀ ló ń ṣe nǹkan sí èèyàn: ó rẹ̀ mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Èmi ni àbọ̀ nínú gbogbo wọn. Ìyá Nọ́ọ̀sì kì í gbà kí ẹnikẹ́ni dá jẹ́ àbọ̀, tí o bá sọ pé "ó rẹ̀ mí," á ní, "Ó rẹ̀ wá."

Òun náà ló kọ́ wa ní ìdíwọ̀n tí àwọn elétò ìlera ń lò: bí o bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, eré rẹ mọ níwọ̀n. Mo fi etí sí ohun tí òkè Màpó ń ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ìsàlẹ̀, gbólóhùn ọlọ́rọ̀ gígùn là ń sọ, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀. Ní agbedeméjì, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló kù. Nítòsí orí òkè, kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́ẹ̀lì ti lọ, ohùn nìkan ló ṣẹ́ kù. Brọ̀dá Télọ̀ pa ẹnu dé, ó kùn ún ní imú: òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ pé "Ó kù díẹ̀" ló wí. Ohun tí onídùndún ń fi awọ ṣe náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá, ilé ọba tí kò ní ìlẹ̀kùn nìyí o.

Ọ̀rọ̀ "o" àti "ẹ" ló kù. Brown àti Gilman, ní ọdún 1960, fi agbára àti ìbáṣepọ̀ ṣàlàyé irú arọ́pò-orúkọ méjì báyìí nínú àwọn èdè Yúróòpù. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ orí ló sábà máa ń borí. Bí o tilẹ̀ bá Ìyá Nọ́ọ̀sì làágùn fún ogún ọdún, "ẹ" ni. (Ọmọ Oǹdó kan wà láàárín wa tó máa ń fi "o" bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ tí inú rẹ̀ bá dùn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ nílé àwọn.) N kò rí ohun tó burú nínú "ẹ", títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọ̀kadà kan já wá láti ẹ̀yìn, tí kò fọn fèrè. Ọmọ 200 level kan ló kọ́kọ́ rí i. Ó fẹ́ kìlọ̀ fún Ìyá Nọ́ọ̀sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dákun, ọ̀ka..." Kó tó parí rẹ̀, dígí ọ̀kadà ti ha ìyá náà ní ìgúnpá. Ẹ̀jẹ̀ jáde díẹ̀. Ká ní ó tún rìn sápá òsì ní ìṣísẹ̀ kan, ohun mìíràn là bá máa sọ.

Etí títì níbẹ̀ ló jókòó sí, tó ń fi omi wẹ ọgbẹ́ rẹ̀, tó sì ṣòfin. Ó ní, "Lójú títì, ẹ má pè mí ní mà. Ẹ pe orúkọ ohun tó ń bọ̀." Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni ìkìlọ̀ wa: "Ọ̀kadà!" "Kòtò!" "Ajá!" Kò sí arọ́pò-orúkọ, kò sí ẹ jọ̀ọ́, àgbà kò yàtọ̀ sọ́mọdé. Ẹni iwájú á sọ ọ́, ẹni tó tẹ̀ lé e á tún un sọ, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ Ẹ̀yìn, òun á sì dáhùn pé "Mo gbọ́!" Bí èsì yẹn kò bá dé iwájú, ṣe la máa ń dúró.

Mo ti wo ibi tí "ẹ" ti ń padà wọlé. Kì í ṣe ìgbà tí a bá dé Bódìjà, kì í sì í ṣe ìgbà tí a bá dúró. Omi ni. Tí ọmọ 200 level yẹn bá ti já ẹnu omi inú ọ̀rá tó fẹ́ gbé fún Ìyá Nọ́ọ̀sì, tó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ìdọ̀bálẹ̀ á dé, mà á dé, ẹ á dé: "Ẹ gba omi, mà." Òun náà á gbà á, á ní, "O ṣé, ọmọ mi. Kòtò ẹ̀ẹ̀kan yẹn, o kò tètè pè é."