Simẹ́ǹtì Ń Bọ́ Lára Ilé Alámọ̀ Wa

ÌBÉÈRÈ: Ilé tí bàbá wa àgbà fi amọ̀ mọ ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣì dúró. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ní kí birikílà fi simẹ́ǹtì rẹ́ ẹ yí ká kó lè dùn ún wò. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti rọ̀, simẹ́ǹtì á bọ́ níbì kan, amọ̀ á sì bá a já. Ọ̀rinrin ń rùn nínú yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká wó o, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ẹnìkan ní ká lo láìmù. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àfaradà, ẹ sì kú ìtọ́jú ogún bàbá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wó o. Bí ògiri bá fì sápá kan tàbí tó lanu láti òkè délẹ̀, ẹ pe ẹnjiníà kó wá wò ó. Bí kò bá sí irú ìyẹn, amọ̀ kọ́ ló ṣẹ̀ yín, aṣọ tí ẹ wọ̀ fún un ni.

Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó sì máa ń tú u jáde bí oòrùn bá ràn. Ó ń wú díẹ̀ lójò, ó ń súnkì lẹ́ẹ̀rùn. Simẹ́ǹtì le gbagidi, kò lè bá a wú, kò lè bá a súnkì, ó di dandan kó sán. Omi á gba ojú sísán wọlé, kò ní rọ́nà jáde mọ́. Lẹ́yìn simẹ́ǹtì lọ́hùn-ún ni amọ̀ á ti máa rọ̀ di ẹrẹ̀, títí ìwúwo simẹ́ǹtì á fi fà á já. Láìmù ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ. Bí birikílà bá ní òun á fi simẹ́ǹtì kún un kó lè le sí i, ẹ má gbà fún un rárá.

Òkúta kan náà ló bí láìmù àti simẹ́ǹtì: òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, níbi tí ilé-iṣẹ́ simẹ́ǹtì ti wà láti 1960. Bí a bá sun òkúta náà nìkan ní bí ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó di láìmù. Bí a bá pò ó mọ́ amọ̀ tí a sun ún dé bí 1450, tí a sì lọ̀ ọ́, ó di simẹ́ǹtì. Omi ló ń mú simẹ́ǹtì gan. Láìmù ní tirẹ̀ ń fa carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń padà di òkúta. Ó rọ̀, ọ̀rinrin ń gba inú rẹ̀ jáde. Bí ó bá sán tínńtín, omi òjò a máa yọ́ lára láìmù náà wọ ibẹ̀, á sì dí i.

Ìgbà tí ẹ bá ń rà á ni kí ẹ ṣọ́ra jù. Láìmù tí àwọn àgbẹ̀ ń dà sóko sábà máa ń jẹ́ òkúta lílọ̀ tí kò rí iná rí. Irú ẹ̀ kò ní gan láéláé. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú omi, kí ẹ sì rí i pé calcium hydroxide ló wà lára àpò. Àpò tó ti pẹ́ nílẹ̀ kò dára, afẹ́fẹ́ á ti bà á jẹ́. Ẹ fi omi pò ó kó ki, ẹ bò ó fún ọjọ́ kan ó kéré tán, kí ẹ tó po yanrìn ṣáàpù mọ́ ọn: garawa láìmù kan, garawa yanrìn mẹ́ta. Láìmù tútù ń jó ara o. Kí àwọn òṣìṣẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí wọ́n fi nǹkan bojú, kí àwọn ọmọdé má sún mọ́ ọn. Bí ó bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, ẹ da omi tó mọ́ sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Kí wọ́n yọ simẹ́ǹtì àtijọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ògiri gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Amọ̀ ni kí ẹ fi dí ibi tó ti jẹ. Kí wọ́n gbá eruku kúrò, kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí wọ́n wá rẹ́ ẹ ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta. Kí ìpele kan má nípọn ju bí mílímítà 10 lọ, kí ó sì tó ọ̀sẹ̀ kan kí òmíràn tó gùn ún. Ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ kò tíì dé, ló dára jù, torí láìmù tó bá tètè gbẹ á kàn máa kù bí eruku ni. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ má kun ọ̀dà olóròóró lé e. Láìmù kan náà ni kí ẹ fi omi là, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Ẹni tí kò bá rí láìmù rà lè padà sí ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe, ìyẹn amọ̀ tí a po ìgbẹ́ màlúù mọ́, kó máa tún un rẹ́ lọ́dọọdún. Ó sàn ju simẹ́ǹtì lọ.

Ṣùgbọ́n láìmù kò lè gba ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ẹ tún òrùlé ṣe ná, kí etí rẹ̀ yọ síta dáadáa, kí ẹ kó ilẹ̀ tó ti ga mọ́ ìdí ògiri kúrò, kí ẹ sì la ojú àgbàrá kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ògiri ẹ̀yìnkùlé ni kí birikílà yín fi bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà kó tó yí dé ojúde.