Ẹ̀kọ́ Wa: Irin tí a Fi Ń Yan Ẹran, Ẹ Yẹ Abẹ́ Rẹ̀ Wò

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ìrun tàbí ti ààwẹ̀. Ohun tí ó fà á ni awuyewuye kan tí ó ṣẹlẹ̀ níwájú wa ní Farin Gada, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kéú àwọn ọmọdé. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ń yan adìẹ àti ẹran tà ní ìrọ̀lẹ́, gbé irin tí ó fi ń yan ẹran wá sí ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú ìbínú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti fi kànìnkànìn onírin bó irin náà títí ó fi funfun. Ìyá ní, "Àáfà, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí, ó ti ba irin mi jẹ́. Dúdú yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹran mi lẹ̀." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Àáfà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ìmọ́tótó wà nínú ìgbàgbọ́. Ṣé dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí ni?" Àwọn méjèèjì wá ń wo ojú wa pé kí a dá ẹjọ́.

Kéú nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wa. A tún ń ta ìkòkò, ààrò èédú, àti irin ìyanran, bí a ó ṣe máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí. Nítorí náà a kò lè sọ pé a kò mọ̀ ọ́n. Ẹjọ́ tí a dá ni pé òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Dúdú méjì ni ó wà lára irin. Ọ̀kan jẹ́ aṣọ irin, èkejì jẹ́ ẹ̀gbin. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò bó aṣọ, yóò sì fi ẹ̀gbin sílẹ̀.

IṢẸ́ TÍ IRIN GBÍGBÓNÁ Ń ṢE

Nínú Sūratu Hūd, Ọlọ́hun sọ ìtàn Ànábì Ibrahim fún wa, bí àwọn àlejò ṣe dé bá a, tí kò sì pẹ́ tí ó fi gbé ọmọ màlúù yíyan síwájú wọn, láì mọ̀ pé màláíkà ni wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ tí wọ́n túmọ̀ Àlùkùránì sọ pé orí òkúta gbígbóná ni wọ́n ti yan ẹran náà. Iṣẹ́ tí òkúta ṣe nígbà náà ni irin ń ṣe fún wa lónìí: ó ń gba ooru iná sára, ó sì ń fi í fún ẹran.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹran bíbọ̀ àti ẹran yíyan. Omi kì í gbóná kọjá ibi tí ó ti ń hó. Ní etí òkun, 100°C ni omi ti ń hó. Ní Jos tiwa yìí, tí ó fi nǹkan bí mítà 1,200 ga ju òkun lọ, nǹkan bí 96°C ni. Ìdí nìyí tí ẹran àti ẹ̀wà fi ń pẹ́ lórí iná níbí ju Èkó lọ. Ṣùgbọ́n kí ojú ẹran tó pọ́n, kí òórùn rẹ̀ tó ta sánsán, ó ní láti gbóná tó nǹkan bí 140°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Louis-Camille Maillard, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé lórí ìyípadà yìí ní 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Omi kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí irin bá tutù, tàbí tí omi bá pọ̀ lójú ẹran, ńṣe ni ẹran yóò kàn máa bọ̀ lórí irin, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà yóò mọ ààrò ìgbàlódé kan tí ó ń jó wóró igi, èyí tí wọ́n fi lẹ́bú pákó rọ. Joe Traeger, ará ìpínlẹ̀ Oregon, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ irú ààrò bẹ́ẹ̀ ní 1986. Iná rẹ̀ kì í kan ẹran tààrà, nítorí pé irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín wọn. Ẹran a máa jinná dáadáa nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sábà pọ́n tó. Ohun tí àwọn tí ó ní i ń ṣe ni pé wọ́n ń ra irin dídà tí ó nípọn, wọ́n ń gbé e sí ibi tí ó gbóná jù, wọ́n á sì fi ẹran lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ààrò ti wù kí ó wọ́n tó, irin ni ó ṣì ń pọ́n ẹran.

IRIN WO NI KÍ A RÀ? ÀṢÌṢE TIWA

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí wẹ́dà fi rọ́ọ̀dù jó pọ̀. Ó lágbára, a sì lè tún un jó bí ó bá já. Èkejì ni irin dídà. Ó wúwo, ó ń pẹ́ kí ó tó gbóná, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbóná kì í tètè tutù. Ẹ má ṣe da omi tútù lé e nígbà tí ó bá gbóná, nítorí ó lè sán. Ẹ̀kẹta ni àwọ̀n wáyà funfun tí ń dán, tí kò wọ́n rárá.

Lórí ẹ̀kẹta yìí, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Ní ọdún Iléyá kan, a ra àwọ̀n bẹ́ẹ̀, a gé e wẹ́wẹ́, a sì ń tà á fún àwọn tí wọ́n fẹ́ yan ẹran. Ó ń tà gan-an. Wẹ́dà kan tí ó jẹ́ aládùúgbò wa rí i, ó ní, "Àáfà, síǹkì ni ohun tí ń dán lára rẹ̀ yẹn." Ó ṣàlàyé fún wa pé bí wẹ́dà bá jó irin tí síǹkì bò, tí ó sì fa èéfín funfun rẹ̀ símú, ibà àti òtútù lè mú un ní òru ọjọ́ náà. Síǹkì ń yọ́ ní nǹkan bí 420°C, ẹ̀yín iná tí a ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ sì ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ oúnjẹ.

Àwọ̀n tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa nígbà náà pọ̀, owó ilé ìwé àwọn ọmọ wa sì wà nínú rẹ̀. A kò ní purọ́ fún yín, ọkàn wa sọ pé kí a tà á tán ná, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n a rántí ìtàn tí a ti kọ́ àwọn ọmọ kéú lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí Muslim gbà wá. Ànábì wa kọjá níbi òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìka rẹ̀ sì kan ibi tútù nísàlẹ̀. Oníṣòwò náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ fún un pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára òun. A kó àwọ̀n náà kúrò nílẹ̀, a tà á ní ẹ̀dínwó fún ẹni tí ó fẹ́ fi ṣe àgò adìẹ. A sì kéde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé kí ẹni tí ó rà á dá a padà. Àwọn kan dá a padà, àwọn kan fi wá rẹ́rìn-ín. A pàdánù owó, ṣùgbọ́n a sùn.

BÍ A TI Ń FI AṢỌ WỌ IRIN TUNTUN

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí òróró àti eruku ibi tí wọ́n ti jó o lè kúrò. Ẹ họ ojú ibi tí wẹ́dà jó, kí ẹ̀rún irin má bàa bọ́ sínú ẹran.

2. Ẹ gbé e sórí ẹ̀yín iná fún nǹkan bí ìdajì wákàtí láì sí ẹran lórí rẹ̀.

3. Nígbà tí ó bá tutù díẹ̀, ẹ fi àkísà mímọ́ tí ó ní òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa á, òkè àti abẹ́, kí ẹ sì nu èyí tí ó bá pọ̀jù.

4. Ẹ dá a padà sórí iná títí èéfín òróró yóò fi tán. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Òróró náà yóò yí padà di awọ dúdú tí ó le, tí ó sì ń dán. Aṣọ irin nìyẹn. Ó ń dènà ògùn-ún, kì í sì í jẹ́ kí ẹran lẹ̀.

LÓRÍ INÁ

Ẹ má ṣe fi ọ̀rá, táyà tàbí pákó tí a kùn ní ọ̀dà dá iná tí ẹ fẹ́ fi yan oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí èédú jó títí eérú yóò fi bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ kó ẹ̀yín iná jọ sí apá kan kí ó pọ̀, kí apá kejì má ní púpọ̀. Ẹ gbé irin lé e, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sókè rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ọwọ́ kò bá lè kọjá ẹ̀ta, irin ti tó.

Ẹ nu omi ojú ẹran kí ẹ tó gbé e lé irin. Ẹ má ṣe máa yí i ṣáá. Ẹran tí ojú rẹ̀ bá ti pọ́n yóò tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ṣì di irin mú, kò tíì tó. Ẹ má ṣe fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́, nítorí ọ̀rá tí ó bá kán sínú iná ni ó ń di ọwọ́ iná àti èéfín, àwọn onímọ̀ ìlera sì ti kìlọ̀ pé ohun tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ wà nínú irú èéfín bẹ́ẹ̀. Yájì tí a fi kúlíkúlí ṣe tètè ń jóná, ẹ fi díẹ̀ pa ẹran níbẹ̀rẹ̀, kí ìyókù dúró di ìgbẹ̀yìn. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ fà á sí apá tí iná kò pọ̀ kí inú rẹ̀ lè jinná. Adìẹ gbọ́dọ̀ gbóná tó 74°C nínú. Ẹni tí kò bá ní ohun ìwọ̀n, kí ó gé e dé egungun kí ó wò ó. Àwo tí ẹran tútù wà, ẹ má ṣe kó ẹran jíjinná sí i láì fọ̀ ọ́.

ABẸ́ IRIN

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wa wà gan-an. Ní gbàrà tí ẹran bá ti kúrò, tí irin ṣì gbóná, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tàbí pákó họ ọ́, kí ẹ sì fi ìlàjì àlùbọ́sà tí a gún mọ́ fọ́ọ̀kì nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tí ó nípọn mú un, kí ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe abẹ́ bí ẹ ti ṣe òkè. Abẹ́ ni ọ̀rá ń kán gbà, abẹ́ ni èéfín ń lẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó bá pọ̀, yóò gbiná lójijì, tàbí kí ó máa ṣí bọ́ sórí ẹran.

Báwo ni a ó ṣe mọ dúdú méjèèjì? Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ irin tí ó ti tutù. Èyí tí ó bá ṣí bí èèpo, tàbí tí ó bá yọ ọ̀rá sára aṣọ funfun, ẹ̀gbin ni. Èyí tí ó bá dì mọ́ irin tí ó sì ń dán, aṣọ ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ní 2012, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn ènìyàn 6 tí wọ́n gbé wáyà búrọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ mì pẹ̀lú ẹran. Bí ẹ̀gbin bá ti le jù, ẹ po eérú igi mọ́ omi díẹ̀, kí ẹ fi kùn ún, kí ẹ sì fi wákàtí kan sílẹ̀. Eérú ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ó mọ bí a ti ń jẹ ọ̀rá. Ṣùgbọ́n yóò jẹ aṣọ irin pẹ̀lú, nítorí náà ẹ fi omi ṣàn án, ẹ gbẹ ẹ́ lórí iná, kí ẹ tún fi òróró wọ̀ ọ́ láṣọ. Ìdí kan náà ni kì í fi í dára kí irin sùn sínú eérú, pàápàá ní ìgbà òjò Jos, láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá. Ẹ pa á ní òróró, kí ẹ fi kọ́ sínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ẹ̀yín iná wọ yàrá tì í nítorí òtútù. Èéfín tí ojú kò rí ń pa ènìyàn lójú oorun.

IRIN ALÁDÙÚGBÒ

Àwọn aládùúgbò wa kan ń yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀, a sì máa ń yá irin lọ́wọ́ ara wa nígbà ìnáwó. Abu Tha'laba al-Khushani béèrè irú èyí lọ́wọ́ Ànábì: bí wọ́n ti ń gbé láàárín àwọn tí a fún ní tírà, ṣé kí wọ́n jẹun nínú àwo wọn? Ìdáhùn tí Bukhari àti Muslim gbà wá ni pé bí wọ́n bá rí òmíràn, kí wọ́n lo òmíràn. Bí wọn kò bá rí, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì jẹun nínú rẹ̀. Kò sí èébú nínú ìdáhùn yẹn. Ìlú yìí ti rí ìjà ní 2001, 2008 àti 2010. Ẹ yá irin, ẹ fọ̀ ọ́ ní mímọ́, ẹ dá a padà ní mímọ́, kí ẹ sì dúpẹ́.

ÌPARÍ

Nígbà tí a dá ẹjọ́ ìyá àti ọmọ yẹn tán, a yí irin náà padà níwájú wọn. Òkè tí ọmọ bó ń dán bí owó fàdákà. Abẹ́ rẹ̀ dì pẹ̀lú ọ̀rá ọdún púpọ̀, a fi ọ̀bẹ kàn án, ó sì ń ṣí bọ́. Ìyá dákẹ́, ọmọ náà dákẹ́. Àwọn méjèèjì jọ họ abẹ́ náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì jọ fi òróró wọ̀ ọ́ láṣọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin ará wa, oníbàárà kì í yí irin wa padà wò kí ó tó ra ẹran. Ó gbà wá gbọ́ ni. Ọlọ́hun nìkan ni ó ń rí òkè àti abẹ́. Kí Ọba Adẹ́dàá jẹ́ kí ohun tí ó wà lábẹ́ wa jọ èyí tí ó wà lókè, kí ó fi bùkátà wa sínú hàlálì, kí ó sì jẹ́ kí a jọ rí Iléyá tí ń bọ̀ pẹ̀lú àlàáfíà ní ìlú Jos. Àmín.