Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ẹ̀yin ọmọ Líṣàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di òbí ní Ìgbẹ̀ìn, l'Abẹ́òkúta, níbi ìnáwó kan láìpẹ́ yìí, ọmọdé kan na ọwọ́ sí àwo ẹran níwájú àgbà, ìyá rẹ̀ sì fi ìbínú gbá a létí lójú gbogbo èrò. Ọmọ ké, gbogbo ojú yí sí wọn, ìtìjú náà kò sì jẹ́ ti ọmọ bí kò ṣe ti ìyá, nítorí ẹni tí kò kọ́ ọmọ nínú ilé, ìgbà wo ni yóò kọ́ ọ lóde?

Ojú ni àwọn ìyá tiwa fi ń bá wa wí láwùjọ: bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ wa ti kúrò nínú àwo. N kò wí pé a kò jẹ pàṣán o. A jẹ ẹ́ yó, nílé àti níléèwé. Ìgbẹ̀ìn yìí náà ni Abẹ́òkúta Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní 1908, wà kí ó tó kó lọ sí Ìdí-Abà, Àlùfáà Ransome-Kuti, ọ̀gá rẹ̀ láti 1932 sí 1954, kì í sì í fi ìwà ọmọ ṣeré. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 pàápàá kọ ìyà tí ń tẹ́ ọmọ lógo.

Nítorí náà, kí ẹ tó jáde lọ́jọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ọmọ yín jókòó, kí ẹ sọ ohun tí ojú yín yóò máa wí fún un.