Èèpo Kòkó àti Omi Aró

Ní ọdún 1950 ni a la ipa omi Vridi láti inú òkun wọ ọ̀sà Ébrié ní ìlú Abidjan. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ sínú ọ̀sà náà, tí ilé iṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i létí rẹ̀. Kòkó jẹ́ ẹrù pàtàkì ní èbúté yìí. Ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ ń gbé lọ. Èèpo rẹ̀ ń bẹ lóko. Àwọn ìyá wa a máa fi eérú rẹ̀ ṣe ọṣẹ dúdú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ a jẹrà lásán. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ nípa iṣẹ́ mìíràn tí ó lè ṣe.

Ẹni tí ó bá ń pa aṣọ láró, ìbáà ṣe ní ilé iṣẹ́ ńlá tàbí lọ́dọ̀ àwọn aláró Abẹ́òkúta, kò lè ṣe kí ó má da omi aró nù. Bí omi yìí bá pọ̀ nínú odò tàbí ọ̀sà, àwọ̀ rẹ̀ a dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn mọ́ ewéko inú omi. Ewéko náà kò sì ní lè pèsè afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí.

Èèpo kòkó gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná lè fa aró mọ́ra. Kì í pa aró run. Aró a lẹ̀ mọ́ ọn lára ni. Ṣùgbọ́n aró kan yàtọ̀ sí èkejì. Methylene blue, tí a ń lò nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, a tètè lẹ̀ mọ́ èèpo. Púpọ̀ nínú aró aṣọ òwú ti òde òní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fún irú wọ̀nyí, èédú tí a fi èèpo líle àgbọn ṣe ni ó dára jù, pàápàá èyí tí a ti fi ooru gbígbóná gidigidi la ihò tíntìntín sí nínú.

Ìdánwò fún kíláàsì: Ẹ bu omi sí ife méjì, kí ẹ sì kán methylene blue díẹ̀ sí méjèèjì. Ẹ da èédú àgbọn lílọ̀ sí ọ̀kan, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 30, ẹ jẹ́ kí ó tòrò, kí ẹ sì fi òwú sẹ́ ẹ. Ẹ fi wé èkejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè méjì. Èkíní: níbo ni aró náà lọ? Ó wà lára èédú. Ẹni tí ó bá da èédú náà sí odò ti dá aró padà sí omi. Èkejì: ǹjẹ́ a lè mu omi aláró tí ó ti mọ́ báyìí? Rárá. Iyọ̀ àti sódà tí aláró ń lò kò ní àwọ̀. Wọ́n ṣì lè wà nínú rẹ̀. Omi tí ó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú.